Koríko òkun, síǹkì àti iyọ̀ tó fara pamọ́: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe dé orí ìgò kẹfà

Ìbéèrè tí mo gbé síwájú

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé síwájú nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí: tí a bá fi omi ara koríko òkun ṣe èérún síǹkì ọ́ksáìdì tó ń dá bakitéríà dúró, ǹjẹ́ iṣẹ́ wà tí koríko náà ń ṣe níbẹ̀ ní tòótọ́, àbí síǹkì ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ tí koríko kàn ń gba ìyìn? Èérún tí mo ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ojú lè rí. Nanomítà ni a fi ń wọ̀n ọ́n, mílíọ̀nù nanomítà ló sì wà nínú mìlímítà kan péré. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus, tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣeé rí láìsí maikirosíkópù, fẹ̀ tó nǹkan bí 1000 nanomítà, bẹ́ẹ̀ ni èérún tí mo fẹ́ ṣe kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju 100 lọ.

Ohun tó mú ìbéèrè náà wá ni pé ara fàdákà ni wọ́n ti yá àlàyé tó wọ́pọ̀ jù lórí irú iṣẹ́ yìí. Bí a bá da omi koríko òkun sínú omi iyọ̀ fàdákà, àwọn èròjà inú koríko a máa fún fàdákà ní elẹ́kítírọ́ọ̀nù tó sọnù lára rẹ̀, fàdákà a sì padà di irin; kò sí àní-àní pé koríko ló ṣe é. Síǹkì kò rí bẹ́ẹ̀. Síǹkì tó wọ inú omi pẹ̀lú gbèsè elẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì lọ́rùn, gbèsè méjì náà ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó di síǹkì ọ́ksáìdì, kò sí ẹni tó bá a san án. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé koríko òkun ló kọ́kọ́ sọ síǹkì di irin ti ṣi iṣẹ́ náà túmọ̀. Ohun tí koríko lè ṣe ni kó di síǹkì mú nínú omi kí ó má baà sáré kóra jọ, kí ó sì bo èérún kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń jáde, kí wọ́n má baà dàgbà jù tàbí kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bóyá ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n tó já mọ́ nǹkan ni mo fẹ́ fi ojú ara mi rí.

Koríko tí mo yàn

Àwọ̀ ni a fi ń pín koríko òkun sí ọ̀nà mẹ́ta. Ara èyí tó pupa ni a ti ń rí agar àti carrageenan. Èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, bíi Sargassum, ló ní alginate àti fucoidan. Èyí tó ní àwọ̀ ewé, bíi Ulva, ló ní ulvan. Ṣúgà tí a so pọ̀ ní ẹ̀wọ̀n gígùn ni gbogbo wọn. Carrageenan, fucoidan àti ulvan tún gbé sulphate sára ẹ̀wọ̀n náà, sulphate yìí (sọ́fúrù àti ọ́ksíjìn tó so pọ̀) àti àwọn ẹgbẹ́ carboxyl (kábọ́ọ̀nù àti ọ́ksíjìn tó so pọ̀) tó wà lára irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè di síǹkì mú.

Padina, tí ewé rẹ̀ ṣí bí abẹ̀bẹ̀, ni ọkàn mi kọ́kọ́ fà sí, ṣùgbọ́n ó máa ń kó kálísíọ̀mù kábónéètì sára bí ẹfun, n kò sì fẹ́ máa wá síǹkì láàárín ẹfun. Sargassum tó ń léfòó lójú òkun máa ń kó arsenic sára, n kò sì ní irinṣẹ́ tí mo lè fi wọ̀n ọ́n. Ulva ni mo wá yàn. Ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ìpele sẹ́ẹ̀lì méjì péré ló nípọn dé, ó rọrùn láti fọ̀, ó sì tètè ń gbẹ. Bí ẹ bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ óò rí ìka yín láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìgbìyànjú kìíní

Mo fi omi ẹ̀rọ ṣan Ulva náà lẹ́ẹ̀kan, mo gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, mo sì sá a sí ibòji títí tó fi ń fọ́ wúrúwúrú lọ́wọ́. Mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo wọn 10 gíráàmù rẹ̀ sínú 200 mìlílítà omi dísítíìlì, mo sì gbé e kaná ní 80°C fún 30 ìṣẹ́jú. N kò jẹ́ kó hó, nítorí pé híhó tó pẹ́ máa ń gé ẹ̀wọ̀n ṣúgà náà sí wẹ́wẹ́, ẹ̀wọ̀n gígùn náà ni mo sì ń fẹ́. Mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo tún fi bébà asẹ́ sẹ́ ẹ. Omi tó jáde ní àwọ̀ ewé tó ti ṣá, ó sì ń yọ̀ díẹ̀ láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó wọ ìbọ̀wọ́. Yíyọ̀ yẹn ni àmì ulvan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa ń jẹ́ kó lò nínú fíríìjì, nítorí pé lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí hu.

Zinc acetate ni mo lò fún síǹkì, kì í ṣe zinc nitrate, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nitrate ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Nitrate ń ran iná lọ́wọ́. Bí a bá gbé e wọ inú ìléru pẹ̀lú ṣúgà koríko tó ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó lè gbiná lójijì, èéfín aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń jáde lára rẹ̀ sì jẹ́ májèlé. Mo wọn 5.49 gíráàmù zinc acetate tó ní omi méjì nínú kírísítálì rẹ̀, mo yọ́ ọ nínú 250 mìlílítà omi dísítíìlì, ìyẹn sì fún mi ní 0.1 mólù nínú lítà kan (mólù ni òǹkà tí àwọn oníkẹ́míkà fi ń ka èròjà). Ìṣirò tó tẹ̀ lé e ṣe pàtàkì, nítorí òun ló tú àṣírí lẹ́yìn náà: 0.025 mólù síǹkì ló wà nínú bíkà náà, mólù kan síǹkì ọ́ksáìdì sì wọ̀n tó 81.4 gíráàmù, nítorí náà bí gbogbo síǹkì náà bá jáde láìsí ìkankan tó ṣòfò, 2.03 gíráàmù ni mo lè rí, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo da 50 mìlílítà omi koríko sí i díẹ̀díẹ̀ bí mágínẹ́ẹ̀tì ti ń ro ó ní 70°C, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí kán kọ́sítíìkì sódà sí i, 1 mólù nínú lítà kan, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ̀kán bá bọ́ sí á funfun fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì pòórá. Nígbà tó yá, funfun náà kò pòórá mọ́. Gbogbo bíkà di bí ẹni pé a da wàrà sínú rẹ̀, ìwọ̀n pH (tó ń fi hàn bí omi ti jìnnà sí kíkan tó; 7 ni ti omi lásán) sì ń gòkè títí tó fi dé 10, níbi tí mo dúró. Ó ní láti jẹ́ ẹ̀kán ni o. Lọ́jọ́ kan tí mo ń kánjú, mo da kọ́sítíìkì sódà náà gbuurugbu, pH kọjá 13, wàrà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí tòrò lójú mi, nítorí pé síǹkì áídírọ́ksáìdì máa ń yọ́ padà sínú kọ́sítíìkì tó bá pọ̀ jù. Mo da bíkà yẹn sínú ìgò ìdọ̀tí síǹkì, mo sì tún òmíràn wọ̀n.

Lẹ́yìn wákàtí méjì tí mo ti ro ó, mo jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà rogún sísàlẹ̀, mo da omi ojú rẹ̀ dànù, mo fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀kan, mo gbẹ ẹ́ ní 80°C mọ́jú, mo sì gbé e wọ ìléru ní 450°C fún wákàtí méjì. Nígbà tí mo ṣí ìléru, mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́, nítorí pé àwọ̀ ìyeyè ni ìyẹ̀fun náà ní. Bí ó ti ń tutù ni ìyeyè náà ń ṣá, láti etí wọ àárín, títí gbogbo rẹ̀ fi funfun báláú. Ìwà síǹkì ọ́ksáìdì gan-an nìyẹn: ooru a máa sọ ọ́ di ìyeyè, títutù a sì dá funfun rẹ̀ padà. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n kà 2.41 gíráàmù.

Iyọ̀ tó fara pamọ́

Inú mi kọ́kọ́ dùn sí bí ìyẹ̀fun náà ti pọ̀ tó. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo padà sórí ìṣirò mi tí mo sì rí i pé ohun tó wà nínú ìgò fi 0.38 gíráàmù ju ohun tó lè wà níbẹ̀ lọ. Síǹkì kì í bí síǹkì. Ohun mìíràn ló bá a wọlé, ohun náà sì ti la 450°C já láìjóná, nítorí náà kì í ṣe ara koríko.

Mo fi díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun náà sínú omi dísítíìlì, mo gbọ̀n ọ́n, mo sì ti bébà pH bọ̀ ọ́: ó kọjá 10. Síǹkì ọ́ksáìdì nìkan kò lè gbé omi débẹ̀. Omi tí mo dànù lẹ́yìn ṣíṣan ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì kó gbogbo sodium acetate, iyọ̀ tó jáde láti ara zinc acetate àti kọ́sítíìkì sódà, lọ, ìléru sì ti sọ èyí tó kù di sodium carbonate. Lẹ́yìn náà ni mo wá iyọ̀ òkun. Ọ̀nà tí a fi ń wá a ni pé kí a kán silver nitrate sínú omi náà. Bí iyọ̀ bá wà níbẹ̀, yóò dì ní funfun ṣíkíṣíkí tí ìmọ́lẹ̀ yóò sọ di àwọ̀ eérú. Ohun tó jáde nígbà tí mo kọ́kọ́ kán an kò funfun rárá, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní, mo sì lo ìdajì ọjọ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni mo ṣì í. Nínú omi tí pH rẹ̀ ga, fàdákà fúnra rẹ̀ ló ń di silver oxide. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀kán díẹ̀ nitric acid mú pH náà wálẹ̀. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, funfun náà dì pọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó nípọn débi pé n kò rí ìka mi ní òdì kejì ife.

Àwòrán ẹ̀rọ X-ray fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ohun tí n kò ní gbàgbé. Síǹkì ọ́ksáìdì ní àwọn ìlà tirẹ̀ tí a fi ń dá a mọ̀, ní 31.8, 34.4, 36.3, 47.5 àti 56.6 dígírì (igun tí ìtànṣán yà sí ni, kì í ṣe ooru), nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ń lo ìtànṣán kọ́pà. Iyọ̀ ní tirẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó ga jù nínú wọn sì bọ́ sí 31.7, tó fi jẹ́ pé abẹ́ ìlà àkọ́kọ́ síǹkì ló sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá ń wo ibi tí ìlà wà nìkan kò lè rí i. Gíga rẹ̀ ló tú u fó. Nínú síǹkì ọ́ksáìdì tó mọ́, ìlà 36.3 ló máa ń ga jù, ṣùgbọ́n nínú tèmi ìlà tó wà ní 31.8 ló yọrí ju gbogbo wọn lọ. Mo wá lọ wo 45.4, níbi tí síǹkì kò ní ìlà kankan tí iyọ̀ sì ní: ó dúró síbẹ̀ gbangba.

Mo ti fi ìyẹ̀fun yẹn dán bakitéríà wò kí n tó mọ̀. Mo gbẹ́ ihò sínú agar tó dì bí jẹ́lì, tí bakitéríà ń hù lórí rẹ̀, mo da omi ìyẹ̀fun náà sí i, mo sì rí òrùka tó mọ́ kedere yí ihò ká, tí bakitéríà kò lè hù níbẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ ti yọrí. Lẹ́yìn tí mo mọ ohun tó wà nínú ìgò, mo tún un ṣe, mo da omi sodium carbonate tí pH rẹ̀ bá ti ìyẹ̀fun náà mu sínú ihò kejì lórí àwo kan náà. Òrùka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìyẹ̀fun náà. Mo fa ìlà pupa kọjá lórí ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí n lè máa rí i.

Fífọ̀, ní ẹ̀ẹ̀kejì

Nǹkan bí 35 gíráàmù iyọ̀ ló wà nínú kílò omi òkun kan, màgnẹ́síọ̀mù sì wà lára rẹ̀. Màgnẹ́síọ̀mù yìí ló tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ju iyọ̀ lásán lọ, nítorí pé ní pH 10 òun náà lè dì pẹ̀lú síǹkì, ìléru yóò sì sọ ọ́ di magnesium oxide tí òun fúnra rẹ̀ lè bá bakitéríà jà. Ẹni tí kò bá fọ koríko rẹ̀ kò lè mọ ẹni tó ja ìjà náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí koríko tútù. Mo tẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan sórí àwo funfun, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ yọ iyanrìn àti àwọn ìgbín tíntìntín tó wà ní ibi tó ká jọ, mo fi omi ẹ̀rọ ṣan án, mo sì fi omi dísítíìlì ṣan án nígbà mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì péré fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. N kò rẹ ẹ́ sílẹ̀ pẹ́, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tó mọ omi iyọ̀ lára máa ń bẹ́ bí ó bá pẹ́ nínú omi tí kò níyọ̀, ohun tí mo ń wá yóò sì bá omi ìdọ̀tí lọ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ síǹkì náà, mo fi ẹ̀rọ centrifuge tó ń yí bírí yà á kúrò lára omi, mo fi omi dísítíìlì tuntun rò ó, mo tún yà á, ó di ìgbà mẹ́rin, mo sì fi ethanol ṣe ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Omi ìkẹrin ni mo dán wò pẹ̀lú nitric acid àti silver nitrate. Ó mọ́ gaara. 1.88 gíráàmù ni òṣùwọ̀n kà lọ́tẹ̀ yìí, ó sì wà lábẹ́ 2.03 bó ti yẹ kó rí.

Ìgò márùn-ún ni mo ṣe. Ìgò 1 ni síǹkì ọ́ksáìdì tí a fi Ulva ṣe tó sì la ìléru kọjá. Ìgò 2 jẹ́ èyí tí a fi Ulva ṣe ṣùgbọ́n tí a kàn gbẹ ní 80°C, tí kò fojú kan ìléru, nítorí pé nínú omi tó gbóná tó 70°C, síǹkì áídírọ́ksáìdì lè di ọ́ksáìdì fúnra rẹ̀. Ìgò 3 kò ní koríko rárá: omi dísítíìlì ló dípò omi Ulva, gbogbo ìyókù sì bá ìgò 1 mu, títí kan ìléru. Omi Ulva nìkan ló wà nínú ìgò 4, zinc acetate nìkan ló sì wà nínú ìkarùn-ún. Láìsí ìgò mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yìí, n kò ní lè dáhùn ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀, èmi yóò kàn ní ìyẹ̀fun funfun lọ́wọ́ ni.

Ohun tí ìtànṣán fi hàn

Ìgò 1 gbé ìtànṣán ultraviolet mì jù ní 368 nanomítà, ìyẹn sì dọ́gba pẹ̀lú agbára 3.37 electronvolt tí a mọ̀ mọ́ síǹkì ọ́ksáìdì. Lórí X-ray, gbogbo ìlà wà ní àyè wọn, 36.3 ló ga jù, ohun kankan kò sì sí ní 45.4.

Bí kírísítálì bá ṣe kéré sí i ni ìlà X-ray rẹ̀ máa ń fẹ̀ sí i, ìṣirò Scherrer ni a sì fi ń yí fífẹ̀ náà padà sí ìwọ̀n. Ní ìlà 36.3, ìgò 1 fẹ̀ tó 0.42 dígírì, ìwọ̀n kírísítálì rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 20 nanomítà. Ìgò 3 tí kò ní koríko fẹ̀ tó 0.29, ó sì jẹ́ nǹkan bí 29 nanomítà. Ìgò 2 fẹ̀ jù, ó tó 0.70, kírísítálì rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 12 lọ. N kò yọ ipa tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń ní lórí fífẹ̀ náà kúrò, nítorí náà ìyàtọ̀ àárín àwọn ìgò ni mo gbára lé, kì í ṣe ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ka ìwọ̀n kírísítálì sí ìwọ̀n èérún. Nígbà tí mo fi maikirosíkópù elẹ́kítírọ́ọ̀nù wo ìgò 1, àwọn kírísítálì náà ti so mọ́ ara wọn gìdìgbà, òkìtì wọn sì fẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún nanomítà.

Ìtànṣán infrared ló la ojú mi jù. Nínú ìgò 2, mo rí àmì carboxyl ní àdúgbò 1600 lórí òṣùwọ̀n infrared àti ti sulphate ní àdúgbò 1250, ìyẹn ni pé ulvan ṣì wà lára èérún náà. Nínú ìgò 1, méjèèjì ti lọ, àmì síǹkì àti ọ́ksíjìn tó wà nísàlẹ̀ 500 nìkan ló kù. Ìléru ti jó aṣọ tí koríko dá fún èérún náà kúrò lára rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ohun kan ṣoṣo tí koríko fi sílẹ̀ fún ìgò 1 ni bó ti kéré tó. Mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń gbé èérún rẹ̀ wọ ìléru tí ó sì ń sọ pé èròjà koríko ló ń bá bakitéríà jà kọ́kọ́ yẹ èyí wò.

Ìdánwò bakitéríà

Agar oníhò kò tọ́ sí irú èérún yìí. Oògùn tó yọ́ nínú omi lè rìn gba inú agar kọjá, ṣùgbọ́n èérún síǹkì kò yọ́ tán, ibi tí a dà á sí náà ló máa ń wà, nítorí náà òrùka kékeré kò fi hàn pé agbára rẹ̀ kéré. Àwo oníhò 96 ni mo lò dípò rẹ̀, pẹ̀lú omi oúnjẹ Mueller-Hinton. Mo lo Staphylococcus aureus ATCC 29213 àti Escherichia coli ATCC 25922, àwọn méjì tí a sábà máa ń fi yẹ ìdánwò oògùn wò, nínú yàrá tó ní ààbò tí irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ ń béèrè. Nǹkan bí 500,000 bakitéríà nínú mìlílítà kan ni mo fi sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Èérún náà bẹ̀rẹ̀ láti 2000 máíkírógíráàmù nínú mìlílítà kan, mo sì ń pín in sí méjì títí tó fi dé 15.6. Wákàtí 18 ni àwo náà lò ní 35°C.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ yọjú ni pé ìyẹ̀fun náà funfun. Omi tí bakitéríà bá hù nínú rẹ̀ máa ń ṣú, omi tí èérún síǹkì bá wà nínú rẹ̀ náà máa ń ṣú, ojú kò sì lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Mo fi resazurin sí i, aró tó máa ń wà ní búlúù títí bakitéríà tó wà láàyè yóò fi sọ ọ́ di àwọ̀ osùn. Mo fi àwọn ihò kan sílẹ̀ tó ní èérún àti aró láìní bakitéríà, láti rí i dájú pé síǹkì kò yí aró náà padà. Búlúù ni wọ́n wà dópin. Lẹ́yìn náà mo kán máíkírólítà 10 láti inú àwọn ihò búlúù sórí agar tuntun, kí n lè mọ̀ bóyá bakitéríà ibẹ̀ ti kú tàbí ó kàn dúró jẹ́ẹ́.

Fún Staphylococcus, ìgò 1 dá a dúró ní 500 máíkírógíráàmù nínú mìlílítà kan, ìgò 2 ní 250, ìgò 3 ní 1000. Fún Escherichia coli, 1000, 500 àti 2000 ni wọ́n jẹ́ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ìgò 4, omi koríko nìkan, kò dá ohunkóhun dúró ní gbogbo ìwọ̀n tí mo lò. Ìgò 5, zinc acetate tí iye síǹkì inú rẹ̀ bá ti àwọn ìyókù mu, dá méjèèjì dúró ní àdúgbò ibi tí ìgò 2 ti dá wọn dúró. Mo tún un ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ibi kan náà ló ń já sí. Lórí agar tuntun, Staphylococcus tún hù padà láti inú àwọn ihò tó ní ìwọ̀n tó kéré jù tó dá a dúró, ṣùgbọ́n kò hù láti inú ìwọ̀n tó jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe ka àbájáde náà. Nínú irú ìdánwò yìí, ìyàtọ̀ ìgbésẹ̀ kan, láti 1000 sí 500, kò ju àṣìṣe tí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ máa ń ṣe lọ. Nítorí náà n kò lè sọ pé ìgò 1 sàn ju ìgò 3 lọ, bó ti wù kí n fẹ́ sọ ọ́ tó. Àárín ìgò 2 àti ìgò 3 ni ìgbésẹ̀ méjì wà, fún bakitéríà méjèèjì, ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí ni mo lè dúró tì: koríko ń ṣe iṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá jó o dànù. Kò pa bakitéríà fúnra rẹ̀, ìgò 4 ti jẹ́rìí sí ìyẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí èérún náà kéré, kí ó sì wà káàkiri omi. Mo fi omi gbọn ìgò 1 àti ìgò 2 mo sì gbé wọn sílẹ̀. Láàárín wákàtí kan ìgò 1 ti rogún, omi orí rẹ̀ sì tòrò, nígbà tí ìgò 2 ṣì ṣú lọ́jọ́ kejì.

Mo tún wé àwo kan sínú bébà aluminíọ̀mù kí ìmọ́lẹ̀ má baà dé ibẹ̀, nítorí a mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ultraviolet máa ń mú kí síǹkì ọ́ksáìdì pèsè àwọn ọ́ksíjìn oníjàgídíjàgan tó ń ba awọ bakitéríà jẹ́. Àbájáde rẹ̀ kò yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ kọ́ ló wá ń ṣe iṣẹ́ náà nínú yàrá mi. Síǹkì tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi ló ń kó ipa tó pọ̀ jù, bí ìgò 5 ti fi hàn, ó sì ṣeé ṣe kí fífi ara kan bakitéríà ní tààràtà tún kún un. Èérún tó bá kéré tó sì tàn káàkiri ni yóò yára yọ́ jù.

Àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí, omi oúnjẹ tí mo lò ni wọ́n jẹ́ tirẹ̀. Àwọn èròjà inú omi yẹn máa ń di síǹkì mú, nítorí náà nínú omi mìíràn ìwọ̀n yóò yí padà. Ìyẹ̀fun yìí kì í ṣe oògùn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í sójú ọgbẹ́ tàbí kó mu ún. Èmi fúnra mi kì í ṣí ìgò náà láìwọ ìbòmú tó ń sẹ́ eruku, abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde ni mo sì ti ń lọ̀ ọ́. Gbogbo àwo bakitéríà wọ inú ìkòkò onídèérí oníhooru ní 121°C kó tó di ìdọ̀tí. Omi síǹkì kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà, nítorí pé májèlé ni síǹkì jẹ́ fún àwọn ẹ̀dá inú omi, a kò sì lè mú koríko jáde nínú òkun kí á fi síǹkì rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Inú ike kan ni mo ń kó o sí, mo ń gbé pH rẹ̀ sí 9 kí síǹkì lè rogún, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ìdọ̀tí kẹ́míkà.

Ìgò kẹfà

Láàárín 80°C tí ulvan wà pa àti 450°C tí ó jóná tán, ibì kan wà tí kírísítálì yóò ti le sí i tí aṣọ rẹ̀ kò sì ní tíì bọ́. Mo wọn 0.5 gíráàmù láti inú ìgò 2 sínú abọ́ tánganran láàárọ̀ yìí, mo gbé e wọ ìléru ní 200°C, wákàtí méjì. Ó jáde pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, bí aṣọ funfun tí áyọ́ọ̀nù pẹ́ lórí rẹ̀. Bí ó ti tutù, àwọ̀ náà kò lọ. Mo ti kọ "6" sára ìgò rẹ̀, infrared ni yóò sì kọ́kọ́ bọ́ sí abẹ́ rẹ̀ lọ́la.